Ẹja Tó Fara Da Iyọ̀ Kò Lè Fara Da Yanrìn

Bí a bá ń ka ẹja tó lágídí, bọ́ńgà kò ní í gbẹ́yìn. Omi tí iyọ̀ rẹ̀ ju ti òkun lọ, ó ń gbé e. Omi tí òjò ti là débi pé iyọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ń gbé ìyẹn náà. Ó wà nínú òkun nítòsí èbúté, ó wà nínú ọ̀sà, a sì máa gba ẹnu odò wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Láti Mauritania títí dé Àǹgólà ni àwọn apẹja ti ń fi àwọ̀n kó o. Àwọn tó ń pa á, àwọn tó ń yan án, àwọn tó ń rà á àti àwọn tó ń ṣe òfin lórí omi tó ń gbé, gbogbo wọn ló ti fọkàn balẹ̀ pé ẹja yìí kò lè tán. Ọkàn tó balẹ̀ yẹn gan-an ni ewu tó dojú kọ ọ́.

Lórí àtẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Ẹja pẹlẹbẹ tí èéfín ti pa láró, tí wọ́n tò yí apẹ̀rẹ̀ po, tí òórùn rẹ̀ ń ṣíwájú ẹni tó ń tà á. Ìyá tó mọ̀ ọ́n lò á ṣẹ́ orí rẹ̀, á tú eegun àárín kúrò, á sì da ìyókù sínú ẹ̀fọ́ rírò tàbí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Eegun rẹ̀ pọ̀, òótọ́ ni, a kì í fi lé ọmọ kékeré lọ́wọ́ ká kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí yóò ra apò tàbí kúta kan ṣoṣo tó lójú, á ra bọ́ńgà tí gbogbo ilé yóò rí jẹ. Ní ọjà Èkó, ní Àgbádárìgì, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnù, òun ni ẹja ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó sì ti bá àwọn ọmọ wa dé London: ẹni tó bá wọ ilé ìtajà àwọn ará Áfíríkà ní Peckham á bá a nínú ọ̀rá níbẹ̀.

Nínú omi, ó yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ lórí àtẹ. Ara rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, ìrù rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, àmì dúdú kan sì wà lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àwọn ìpẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ mú; ẹni tó bá fọwọ́ fà á láti ìrù wá sí orí á mọ̀ ọ́n lára. Ó sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, èyí tó tóbi jù lọ sì lè tó 45. Kì í lé ẹja mìíràn kiri láti pa á jẹ. Ńṣe ló ń la ẹnu wẹ̀, tí omi ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, tí àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ sì ń sẹ́ omi náà bí obìnrin ṣe ń sẹ́ ògì. Ohun tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀: àwọn ewé-omi tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ìdí nìyí tó fi pọ̀, tí owó rẹ̀ kì í sì í ga jù. Ohun tí oòrùn kọ́kọ́ ń mú hù nínú omi ló ń jẹ, àwọn ẹja ńlá bíi kúta ló sì ń jẹ òun náà. Bí bọ́ńgà bá dín kù, kì í ṣe àtẹ òun nìkan ni yóò gbòfo.

Òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ni Thomas Edward Bowdich. Bathurst ló kú sí, ìlú tí à ń pè ní Banjul lónìí, ní oṣù kìíní ọdún 1824, kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí. Ìyàwó rẹ̀, Sarah, ló kó ìwé náà jọ tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1825. Bí bọ́ńgà ṣe wọ ìwé nìyẹn. Àwọn apẹja odò Gáńbíà kò dúró de Bowdich kí wọ́n tó mọ ẹja wọn.

Èkó ni kí a wá wò báyìí. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó kìlómítà 208 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n kò jìn; ibi púpọ̀ wà níbẹ̀ tí àgbàlagbà lè dúró sí tí omi kò ní í bo orí rẹ̀. Odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó ń da omi wọn sínú rẹ̀ láti òkè. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní sí òkun, òun ni ẹnu èbúté tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà wọlé. Lásìkò òjò, omi odò á ti iyọ̀ padà sẹ́yìn. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á gba ẹnu yẹn wọlé, iyọ̀ á sì tún máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀sà náà ṣe ń mí nìyẹn lọ́dọọdún, bọ́ńgà sì ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀. S.O. Fagade àti C.I.O. Olaniyan, àwọn onímọ̀ ẹja méjì tí gbogbo ẹni tó ń ṣèwádìí lórí ọ̀sà yìí ṣì ń tọ ipasẹ̀ wọn, tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bọ́ńgà ọ̀sà Èkó jáde ní 1972. Èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tó ń wọ inú ọ̀sà jẹ́ ọmọdé tí kò tíì yé ẹyin. Wọ́n wọlé wá jẹun kí wọ́n lè tóbi ni, kí wọ́n tó padà sínú òkun lọ yé ẹyin tiwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí létí lọ. Ẹni tó bá dí apá kan ọ̀sà lè máa rò pé omi lásán lòun dí. Ọ̀nà tí ọmọ ẹja ń gbà dàgbà ló dí.

Etí omi ló sì ṣe kókó jù lọ. Níbi tí omi ti rẹlẹ̀, tí igbó ẹ̀gbà sì wà, tí gbòǹgbò igi náà yọ síta tó wọ́ ara wọn mọ́ra nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ sí. Ewé tó bá já bọ́ láti orí igi á jẹrà sínú omi, á di oúnjẹ fún àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké, ewé-omi á sì máa hù. Ẹ̀gbà tún ń di ilẹ̀ mú kí ìgbì má baà gbé e lọ. Èkó ṣì ní díẹ̀ nínú igbó yìí: ẹ̀yìn ọgbà Yunifásítì Èkó ní Àkọkà wà lára ibi tí ènìyàn ti lè rí i, àti apá ibì kan lójú omi Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni wọ́n fi ń wo ìyókù. Lójú ẹni tó ń ta ilẹ̀, igbó ẹ̀gbà jẹ́ ẹrẹ̀ tí kò tíì di pílọ́ọ̀tì.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di pílọ́ọ̀tì kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lójú omi Èkó, ọkùnrin kan á mú garawa dání, á gba orí àkàsọ̀ onígi tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, omi á bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá tún yọrí, garawa rẹ̀ ti kún fún yanrìn, omi ń dà lára rẹ̀ gbuurugbu. Ẹnìkejì rẹ̀ á gbà á, á dà á sínú ọkọ̀, òun náà á tún padà sísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kún débi pé etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, wọ́n á ta ìgbòkun, ó di èbúté. Iṣẹ́ agbára ni, iṣẹ́ tó lè gba ẹ̀mí ni, ẹni tó bá rí i kò ní lè bá wọn jà. Kì í ṣe àwọn ló ba ọ̀sà jẹ́. Ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi páìpù fa yanrìn láti ìsàlẹ̀, tó ń tu ú jáde sí etí omi lọ́sàn-án lóru, ohun tí ogunlọ́gọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ yẹn ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kò tó ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ibi tó ti fa yanrìn á di kòtò jíjìn. Omi tó yí ẹ̀rọ náà ká á pọ́n, oòrùn kò ní lè wọ inú rẹ̀, ewé-omi tí bọ́ńgà ń jẹ kò sì ní lè hù. Ibi tó tu ú sí ńkọ́? Ìyẹn ti di ilẹ̀ títí láé.

Lórí irú etí omi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbé tẹ́lẹ̀. Amnesty International ròyìn pé ó lé ní 30,000 ènìyàn tí wọ́n lé kúrò ní Otodo Gbame, lápá Lẹ́kíì, láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017. Àwọn Ègùn apẹja ló pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2012, wọ́n ti wó lára ilé àwọn ará Makoko. Nígbà tí wọ́n bá lé apẹja kúrò létí ọ̀sà, ẹni tó mọ ìgbà tí iyọ̀ ń wọlé, tó mọ ibi tí ọmọ ẹja ń kó jọ sí, tó sì lè ké gbàjarè bí omi bá yí àwọ̀ padà, òun náà ni wọ́n lé lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń kọ́lé síbẹ̀ tí yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti sọnù.

Àwọn tó ń dí ọ̀sà á dáhùn pé Èkó ti kún àkúnya, pé ìlú tí èrò rẹ̀ pọ̀ tó báyìí kò lè jẹ́ kí ẹja máa gba ilẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ tí wọ́n fà yọ. Kì í ṣe tíṣà, kì í ṣe awakọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta bọ́ńgà lọ́jà Òyìngbò. Ilé olówó gọbọi ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní í yanjú ìṣòro ilé fún ẹni tó ń san owó yàrá kan ní Àjẹgúnlẹ̀. Tí ìjọba bá sọ pé nítorí ilé mẹ̀kúnnù lòun ṣe ń dí ọ̀sà, kí ó fi ilé mẹ̀kúnnù náà hàn wá. Ohun tó dájú ni pé ẹja mẹ̀kúnnù ló ń san gbèsè rẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè ṣe fún ọ̀sà, ẹ̀yìn odi wa ló ti hàn jù. Ní Benin, àwọn Faransé la ẹnu omi Nokoué sí òkun ní Kútọnù ní 1885. Láti ìgbà náà ni iyọ̀ ti ń wọ inú omi tí abúlé Ganvié wà lórí rẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bọ́ńgà sì ti di ọ̀kan lára ẹja tí wọ́n ń pa jù níbẹ̀. Lápá odò Mono, ìdídò Nangbéto tí Tógò àti Benin jọ kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1987, ń tú omi odò sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lásìkò tó yẹ kí iyọ̀ máa wọlé sí àwọn ọ̀sà ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ìbéèrè nípa ẹja ṣáájú nínú méjèèjì. Ẹja ló ń tẹ̀ lé ohun tí ènìyàn ti pinnu tẹ́lẹ̀.

A kò lè gbé gbogbo ẹ̀bi lé onílẹ̀ àti ìjọba lórí. Àwọn tó ń jẹun lára bọ́ńgà náà ní tiwọn nínú rẹ̀. Ẹja yìí kì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà kíákíá ni wọ́n ń yan án. Àwọn obìnrin á fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó lórí wáyà lókè dírọ́ọ̀mù tí wọ́n gé sí méjì, orí ọ̀kan sí ìrù èkejì, wọ́n á fi páànù bò ó. Ojú wọn á pọ́n, èéfín á gba inú aṣọ wọn kọjá, ikọ́ á máa hú wọn. Wọ́n á yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́, nítorí ẹja tó bá fọ́ kò ní owó lórí. Igi wo ni wọ́n ń dá sí i? Ní ọ̀pọ̀ ibi létí òkun, àgàgà ní Kàmẹ́rúùnù àti ní Guinea, ẹ̀gbà ni. Ó ń jó pẹ́, ó ń fún ẹja ní àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́, ó sì wà nítòsí. Igi tó tọ́ ẹja náà dàgbà ni wọ́n ń gé láti fi yan án. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bá àwọn obìnrin yìí wí gbọ́dọ̀ mú ohun mìíràn dání fún wọn. Ohun náà sì wà: ààrò Chorkor, tí wọ́n ṣe ní abúlé apẹja kan tó ń jẹ́ Chorkor ní Accra láti nǹkan bí ọdún 1970, ń gba àtẹ ẹja púpọ̀ léra wọn lórí iná kan ṣoṣo, igi tó ń jẹ sì kéré sí ti dírọ́ọ̀mù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Pé ọ̀pọ̀ obìnrin létí omi wa ṣì ń fi dírọ́ọ̀mù yan ẹja dòní, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn ló yẹ kí a bi ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá kó ọmọ bọ́ńgà nínú ọ̀sà kí ó tó bímọ rí, ó ti jẹ èso pẹ̀lú òdòdó rẹ̀. Àwọn apẹja àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ ọ́. Ebi kì í jẹ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

Nípa ìfaradà bọ́ńgà, Sẹ̀nẹ̀gàl ti fi nǹkan hàn wá tó yẹ ká fara balẹ̀ wò. Ọ̀dá tó mú agbègbè náà láti àwọn ọdún 1970 ti dín omi odò kù débi pé odò Saloum ń níyọ̀ sí i bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè rẹ̀ sí, òdìkejì ohun tó yẹ kí ó rí. Ní ibì kan níbẹ̀, iyọ̀ náà ju ti òkun lọ fíìfíì. Bọ́ńgà kò sá lọ. Àwọn onímọ̀ tí J. Panfili ṣáájú wọn fi ti Saloum wé ti odò Gáńbíà tó wà nítòsí, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2004: ti Saloum kò dàgbà tó ti Gáńbíà, kékeré ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Ẹja náà wà láàyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló fi ń san án. Ẹni tó bá gbójú lé e pé bọ́ńgà ṣì wà nínú omi, kí ó wo bí ó ṣe tóbi tó.

Gáńbíà fúnra rẹ̀, níbi tí Bowdich ti rí ẹja rẹ̀, ni ìyà mìíràn ti bá a. Ní abúlé Gunjur, létí òkun, ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn ará Ṣáínà dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016. Kì í ṣe pé wọ́n ń ta ẹja fún ènìyàn jẹ. Ńṣe ni wọ́n ń lọ bọ́ńgà àti ẹja mìíràn tó jọ ọ́ di ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń kó o lọ sókè òkun láti fi bọ́ ẹja inú ọ̀sìn, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ó ń gba ẹja tútù tó kìlógíráàmù mẹ́rin sí márùn-ún kí ìyẹ̀fun kìlógíráàmù kan tó jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, omi ọ̀sà Bolong Fenyo, tí àwọn ará Gunjur fúnra wọn ti yà sọ́tọ̀ láti dáàbò bo ẹranko láti 2008, pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, òkú ẹja sì léfòó lórí rẹ̀. Ahmed Manjang, onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó jẹ́ ọmọ Gunjur, gba lára omi náà lọ yẹ̀ wò, ó sì rí i pé májèlé arsenic inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tí kò léwu. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Gáńbíà gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n yanjú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹjọ́ ní 25,000 dọ́là. Ní 2018, àwọn ará ìlú fọwọ́ ara wọn hú páìpù tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń da ìdọ̀tí sínú òkun. Ilé-iṣẹ́ náà tún gbé òmíràn padà síbẹ̀.

Ní 2021, Greenpeace Africa àti Changing Markets kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé ẹja tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lọ di ìyẹ̀fun àti òróró lọ́dọọdún ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti pé ẹja náà ì bá bọ́ ènìyàn mílíọ̀nù 33. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí olùdókòwò kan bá wá sí Ìlàjẹ, Ìbẹ̀jù-Lẹ́kíì tàbí Àgbádárìgì lọ́la pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn pé òun fẹ́ kọ́ irú ilé-iṣẹ́ yìí, tí ó sì ń ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, kí àwọn ọba àti àwọn baálẹ̀ kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ sí Gunjur.

Nàìjíríà kò ní ẹja tó lè fi ṣòfò. Iye tí ìjọba àpapọ̀ máa ń sọ ni pé ẹja tí a nílò lọ́dún tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 3.6, èyí tí a ń pèsè kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ìyókù ń wá nínú yìnyín láti òkè òkun: títù, kotè, ṣáwá àti àwọn mìíràn tí owó dọ́là ń fà sókè. Ìdílé tí kò lè ra títù mọ́ ló ń padà sọ́dọ̀ bọ́ńgà. Tí bọ́ńgà náà bá wọ́n, kò sí ẹja mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n tún lè sọ̀ kalẹ̀ sí.

Òfin kò wọ́n wa. Òfin ẹja òkun ọdún 1992 kà á léèwọ̀ fún ọkọ̀ apẹja ńlá láti ju àwọ̀n sí máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tí ọkọ̀ ńlá ti fa àwọ̀n wọn ya lè sọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ tó. Òfin àyẹ̀wò àyíká, tó jáde lọ́dún 1992 yẹn kan náà, ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò dandan kí ẹnikẹ́ni tó fa ilẹ̀ yọ létí òkun bí ó bá ti tó hẹ́kítà 50. Ihò tó wà nínú òfin yìí tóbi tó láti gba odindi ọ̀sà kọjá. Ẹni tó dí hẹ́kítà 40 lónìí, tí aládùúgbò rẹ̀ dí 30 lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tí ìlà yẹn dè. Ẹja kò sì mọ ẹni tó ni pílọ́ọ̀tì. Gbogbo pílọ́ọ̀tì wọ̀nyí lápapọ̀ ló ń gba ọ̀sà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kàkà kí wọ́n dí ihò yìí, ta ló máa gbowó ni ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń bá ara wọn fà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ láti fúnni ní ìwé-àṣẹ àti láti gba owó lórí omi ló gbé wọn dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tó dá ìjọba àpapọ̀ láre ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé ẹjọ́ fún láṣẹ ti mọ̀ pé òun ni a ó máa bi léèrè. Láti 2023 náà ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi òkun àti ọrọ̀ ajé inú rẹ̀, tí Adegboyega Oyetola jẹ́ mínísítà rẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹja pípa sì ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwáwí pé iṣẹ́ náà pín sọ́wọ́ púpọ̀ kò tó mọ́.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àjọ ìwádìí òkun, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ti wà ní Victoria Island, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ tó mọ ọ̀sà Èkó dunjú. Kí mínísítà gbé iṣẹ́ kan lé wọn lọ́wọ́ ní ọdún yìí: kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ ọ̀sà láti Àgbádárìgì dé Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti dí hàn, ibi tí igbó ẹ̀gbà kù sí, àti ibi tí ọmọ bọ́ńgà ti ń dàgbà. Kí àwọn apẹja Ègùn àti Ìlàjẹ wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Kí wọ́n ka gbogbo ọ̀sà sí omi kan ṣoṣo lábẹ́ òfin àyẹ̀wò àyíká, yálà hẹ́kítà 50 ni ẹnìkan fẹ́ dí tàbí 5. Kí àwòrán náà sì tó jáde, kí ìwé-àṣẹ tuntun kankan má ṣe jáde fún ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn.